Ohun Tí Bọ́ọ̀lù Ìgbà Èwe Kọ́ Wa

Ọ̀rọ̀ tí akọ̀wé ẹgbẹ́ bá àwọn ọmọ ẹgbẹ́, àwọn olùrànlọ́wọ́ àti àwọn alágbàtọ́ ọmọ òrukàn sọ níbi ìpàdé wa ní Ajara, Àgbádárìgì

  



Ẹ̀yin ará mi nínú ẹ̀sìn, ìbéèrè kan ti ń wá sọ́dọ̀ wa láti bí oṣù mélòó kan sẹ́yìn, ó sì yẹ kí a dáhùn rẹ̀ ní gbangba. Ìbéèrè náà ni pé: ǹjẹ́ ó yẹ kí àwọn ọmọ tí ẹgbẹ́ yìí ń tọ́jú máa gbá bọ́ọ̀lù? Àwọn kan nínú àwọn tí ń fi owó ràn wá lọ́wọ́ sọ pé àwọn kò yọ owó lápò kí ọmọ lè máa sáré kiri lórí iyanrìn. Àwọn alágbàtọ́ kan sì wà ní ìhà kejì. Àwọn wọ̀nyí gbà pé ẹsẹ̀ ọmọ nìkan ni yóò gba ìdílé náà là, wọ́n sì fẹ́ yọ ọmọ kúrò ní ilé-ìwé nítorí rẹ̀. Àwọn ìhà méjèèjì fẹ́ràn ọmọ, ṣùgbọ́n mo rò pé méjèèjì ni ọ̀rọ̀ kù sí lọ́wọ́. Ìdí nìyí tí alága fi ní kí n sọ ohun tí mo mọ̀ nípa eré ìdíje àti ohun tí ó ń kọ́ ọmọ.

Ajara níbí ni mo dàgbà sí. Ní nǹkan bí ọdún 1980 sí 1986, bọ́ọ̀lù ni eré wa. Ọjọ́ tí a kò bá rí bọ́ọ̀lù aláwọ, a ó fi àkísà àti rọ́bà wé ọ̀kan. Òkúta méjì ni ojú ilé, ìdí igi àgbọn ni ibi ìsinmi. Àti ọmọ Ègùn, àti ọmọ Yorùbá, àti ọmọ ilé-kéwú, àti ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì, gbogbo wa ni a jọ ń gbá a. Àáfà wa nílé-kéwú kò ka eré léèwọ̀ fún wa. Òfin kan ṣoṣo ni wọ́n fún wa: a ó ti kírun Alaasari kí a tó jáde, bí a bá sì ti gbọ́ ìpèrun Magaribi, ẹni tí bọ́ọ̀lù wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀ yóò gbé e lọ́wọ́, ìbáà jẹ́ ojú ilé gan-an ni ó wà. Nígbà tí ó yá, a gbá bọ́ọ̀lù fún ilé-ìwé, a wọ aṣọ ẹgbẹ́, a sì bá àwọn ilé-ìwé mìíràn díje. Ẹ̀yìn ni èmi máa ń wà, n kì í ṣe ẹni tí ń gbá góòlù wọlé. Nítorí náà, ẹ má ṣe rò pé mo wá ròyìn ara mi.

Ànábì àti eré ìdíje

Kí a tó lọ jìnnà, ẹ jẹ́ kí a wo ẹ̀sìn wa ná. Àwọn kan rò pé ọmọlúàbí mùsùlùmí kì í ṣeré. Àmọ́ nínú àdíìsì tí Bukhari gbà wá, Ànábì, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, ṣètò ìdíje ẹṣin sísá ní Mẹ̀dínà, ó sì ya ọ̀nà àwọn ẹṣin tí a ti fún lónjẹ dáadáa sọ́tọ̀ kúrò lára ọ̀nà àwọn tí a kò tíì tọ́jú bẹ́ẹ̀. Ìyá wa Aisha, kí Ọlọ́hun yọ́nú sí i, sọ nínú àkójọ Abu Dawud pé òun àti Ànábì jọ sáré ìje, òun sì borí. Nígbà tí òun wá sanra, wọ́n tún sá a, Ànábì sì borí, ó sì fi ẹ̀rín sọ pé èyí di èsan ti ìjọ́sí. Ẹ gbọ́ bí ọ̀rọ̀ náà ti tutù tó láàárín ọkọ àti aya.

Àwọn tí wọ́n kọ ìtàn Ànábì tún ròyìn ohun kan tí ó kan àwọn ọmọ wa tààrà. Nígbà tí wọ́n ń lọ sí ogun Uhud ní ọdún kẹta lẹ́yìn Ìjira, Ànábì dá àwọn ọmọdé padà sílé. Wọ́n gba Rafi ọmọ Khadij láàyè nítorí pé ó mọ ọfà ta. Samura ọmọ Jundub, tí òun náà jẹ́ ọ̀dọ́langba, wá sọ pé òun máa ń dá Rafi ní ìjàkadì. Wọ́n ní kí àwọn méjèèjì dìmú, Samura sì dá a lóòótọ́, wọ́n sì gba òun náà láàyè. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn níbẹ̀ ni pé àwọn ọmọ wọ̀nyí ti ń ta ọfà, wọ́n sì ti ń jìjàkadì láti ilé kí ọjọ́ náà tó dé. Eré ìgbà èwe ni ó di agbára tí wọ́n fi sin ẹ̀sìn.

Nítorí náà, ẹni tí ó bá ní eré fúnra rẹ̀ jẹ́ èèwọ̀, ẹ̀rí kù sí i lọ́wọ́. Ìbéèrè tí ó kù ni pé irú eré wo ni, báwo ni a ṣe ń ṣe é, kí sì ni ọmọ rí kọ́ níbẹ̀? Ohun márùn-ún ni mo fẹ́ tọ́ka sí.

Ìkíní: àjèjé ọwọ́ kan kò gbẹ́rù dórí

Ẹ̀yin tí ẹ ti dàgbà tó mi yóò rántí ọjọ́ 21 oṣù kẹfà ọdún 1994. Ọjọ́ náà ni Rashidi Yekini gbá góòlù àkọ́kọ́ tí orílẹ̀-èdè Nàìjíríà gbá wọlé nínú ìdíje ife ẹ̀yẹ àgbáyé. Bulgaria ni a bá pàdé, ní ìlú Dallas ní Amẹ́ríkà, 3 sí 0 sì ni a fi gbẹ̀yẹ. Gbogbo wa ni a rántí bí Yekini ṣe ki ọwọ́ méjèèjì bọ inú àwọ̀n tí ó ń sunkún ayọ̀. Ọ̀pọ̀ kò rántí ẹni tí ó gbé bọ́ọ̀lù náà fún un. Finidi George ni. Ó sá a láti apá ọ̀tún, ó lè gbìyànjú láti gbá a fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n ó rí i pé arákùnrin rẹ̀ wà ní ibi tí ó dára jù, ó sì tì í sí i.

Ẹ̀kọ́ ńlá ni èyí fún ọmọ. Nílé-ìwé, ìdánwò ẹni ni ẹni ń ṣe, máàkì ẹni ni ẹni ń gbà. Lórí pápá, ẹni mọ́kànlá ni ó ń yege, ẹni mọ́kànlá náà ni ó ń fìdí rẹmi. Èmi tí mo wà lẹ́yìn kò gbá góòlù kan wọlé ní odidi ọdún kan, síbẹ̀ nígbà tí a bá borí, ayọ̀ tèmi kò kéré sí ti ẹni tí ó gbá a. Ọmọ kan wà láàárín wa nígbà náà tí kò ní bàbá. Òun ni aṣọ́lé wa. Kò sí ẹni tí ó kó wa jọ láti sọ fún wa pé ọmọ òrukàn ni kí a ṣàánú rẹ̀. A ṣáà mọ̀ pé bí kò bá jẹun, kò ní lè fò mú bọ́ọ̀lù, nítorí náà ẹni tí ó bá ní gaàrí nílé a máa bù wá fún un. Àánú tí ó ti inú ẹgbẹ́ wá kò ní ìtìjú nínú. Mo gbà pé lórí iyanrìn níbẹ̀ ni púpọ̀ nínú wa ti kọ́kọ́ kọ́ ohun tí ẹgbẹ́ yìí wá ń ṣe lónìí.

Ìkejì: bí a ti í yege àti bí a ti í fìdí rẹmi

Ànábì wa ní ràkúnmí kan tí à ń pè ní Adba. Kò sí ràkúnmí tí ó máa ń ṣíwájú rẹ̀. Ní ọjọ́ kan, ará oko kan dé pẹ̀lú ràkúnmí tirẹ̀, ó sì yà á sílẹ̀. Ó dun àwọn mùsùlùmí gan-an. Ànábì wá jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé ìṣe Ọlọ́hun ni pé ohunkóhun tí ó bá ga láyé, Ọlọ́hun yóò rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ nígbà kan. Anas ni ó ròyìn rẹ̀, ó sì wà nínú Bukhari.

Ẹ̀yin ará mi, ọmọ tí kò fìdí rẹmi rí nígbà tí ó kéré, ìfìdírẹmi àkọ́kọ́ tí yóò bá a ní àgbà lè dá a wó. Eré ìdíje ń fi ìfìdírẹmi kékeré kọ́ ọmọ. Ní Sátidé, wọ́n na ẹgbẹ́ rẹ̀, ó sunkún. Ní Mọ́ńdè, ó padà sí pápá. Ó ti mọ̀ pé ayé kò parí. Bákan náà ni ti ẹni tí ó yege: ẹgbẹ́ tí ó nà lónìí lè nà án lọ́la, nítorí náà kí ó má ṣe fi ẹnikẹ́ni ṣẹ̀sín.

Orílẹ̀-èdè wa náà rí èyí. Ní ọjọ́ 22 oṣù kẹta ọdún 1980, Green Eagles na Algeria ní 3 sí 0 ní pápá ìṣeré Súrùlérè, a sì gba ife ẹ̀yẹ ilẹ̀ Áfíríkà fún ìgbà àkọ́kọ́. Segun Odegbami gbá méjì, Muda Lawal gbá ọ̀kan. Muda Lawal yìí, ọmọ Abẹ́òkúta, mùsùlùmí bí tiwa, kópa nínú ìdíje náà nígbà márùn-ún, láti ọdún 1976 dé 1984. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni ó gba ife náà nínú márààrùn-ún. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni ó padà sílé láìgbà á, kò sì tìtorí rẹ̀ kó bàtà sílẹ̀. Ó kú ní ọdún 1991. Wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pe pápá ìṣeré ní Aṣèrò, Abẹ́òkúta. Kí Ọlọ́hun kẹ́ ẹ.

Ìkẹta: kíkó ara ẹni níjàánu

Gbogbo wa ni a mọ àdíìsì tí Abu Huraira gbà wá, pé ẹni tí ó lágbára kì í ṣe ẹni tí ń dá àwọn ènìyàn mọ́lẹ̀, bí kò ṣe ẹni tí ó lè kápá ara rẹ̀ nígbà ìbínú. Ẹ ṣàkíyèsí pé ọ̀rọ̀ ìjàkadì ni Ànábì fi ṣe àpèjúwe. Ó mọ̀ pé àwọn tí ń gbọ́ òun mọ eré náà, òun fúnra rẹ̀ sì ti bá Rukana, akíkanjú ìjàkadì ní Mẹ́kà, dìmú, ó sì dá a.

Ní ọdún tí a kù díẹ̀ kí a gba ife láàárín àwọn ilé-ìwé, rẹfirí fọn fèrè góòlù sí bọ́ọ̀lù kan tí gbogbo wa rí i pé kò wọlé tán. Àwọn òǹwòran ti ń kó òkúta jọ. Olùkọ́ wa dìde, ó tò wá lọ́wọ̀ọ̀wọ́, ó ní kí a lọ bọ ẹgbẹ́ kejì lọ́wọ́, kí a sì kí rẹfirí. A fi omijé kí wọn. Ohun tí olùkọ́ náà sọ fún wa ni pé ẹ̀yin yóò rí adájọ́ tí ó ṣi ẹjọ́ dá nígbà púpọ̀ láyé yín, bí ẹ bá fọ́ orí ti òní, ta ni yóò dá ẹjọ́ ti ọ̀la? Mo ti dé ilé ẹjọ́, mo ti dé àgọ́ ọlọ́pàá, mo ti dé ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀ nítorí ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ wa, ọ̀rọ̀ ọjọ́ náà sì ti wúlò fún mi níbẹ̀ ju ohun tí mo kà nínú ìwé lọ.

Ó kan àwa tí à ń wòran pẹ̀lú. Àwọn ará Banu Aslam ń ta ọfà ní ìdíje, Ànábì sì sọ pé òun wà pẹ̀lú ìhà kan. Ìhà kejì dáwọ́ dúró. Wọ́n ní báwo ni àwọn yóò ṣe ta ọfà sí ìhà tí Ànábì wà? Ó wá ní kí wọ́n máa ta á lọ, òun wà pẹ̀lú gbogbo wọn. Ẹ̀yin bàbá tí ẹ máa ń dúró létí pápá tí ẹ ń bú ọmọ ọlọ́mọ, ẹ gbọ́ èyí.

Ìkẹrin: òótọ́

Àgùntàn kì í jẹ́ kí ọdún rẹ̀ di ọ̀rọ̀ àríyànjiyàn, ènìyàn ni ó ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1985, àwọn ọmọ Nàìjíríà tí kò ju ọdún 16 lọ na Jámánì ní 2 sí 0 ní Beijing, ní orílẹ̀-èdè Ṣáínà. Àwa ni orílẹ̀-èdè àkọ́kọ́ tí ó gba ife náà. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tí ìtìjú fi dé. Ní ọdún 1989, àjọ FIFA rí i pé ọjọ́ orí tí a kọ fún àwọn agbábọ́ọ̀lù kan nígbà ìdíje Olimpíìkì ọdún 1988 yàtọ̀ sí èyí tí a kọ fún wọn ṣáájú. Wọ́n fòfin de Nàìjíríà fún ọdún méjì kúrò nínú gbogbo ìdíje àwọn ọ̀dọ́. Ìdíje àwọn ọ̀dọ́ àgbáyé ti ọdún 1991, tí ó yẹ kí ó wáyé lọ́dọ̀ wa, ni wọ́n gbà lọ́wọ́ wa gbé fún Portugal.

Ẹ rò ó wò. Àwọn ọmọ tí ọjọ́ orí wọn tọ̀nà ní ọdún náà, tí wọ́n ti ń múra láti ọjọ́ pípẹ́, ni wọ́n jìyà irọ́ tí àwọn àgbàlagbà kọ sínú ìwé. Láti ọdún 2009, ẹ̀rọ ni wọ́n fi ń wo egungun ọrùn ọwọ́ ọmọ nínú ìdíje àwọn tí kò ju ọdún 17 lọ. Ẹ̀rọ kò gba ẹ̀bẹ̀. Tí a bá wá sọ fún alágbàtọ́ pé kí ó gbé ìwé-ẹ̀rí ọjọ́ ìbí ọmọ wá, kí ó má ṣe lọ bá ẹnikẹ́ni yọ ọdún kúrò nínú rẹ̀. Ọmọ tí a bá fi irọ́ kọ́ ní pápá, irọ́ náà ni yóò gbé wọ ọjà, irọ́ náà ni yóò gbé wọ ilé ọkọ tàbí aya.

Ìkarùn-ún: àkókò, ìwé àti ìlera

Òfin Àáfà wa nípa Magaribi tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan kò kéré. Òfin náà ń kọ́ wa pé ohun tí a fẹ́ràn náà ní ibi tí ó gbọ́dọ̀ dúró. Ọmọ tí ó lè gbé bọ́ọ̀lù lọ́wọ́ nígbà tí eré dùn jù lè pa tẹlifóònù nígbà tí ó bá yá.

Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé bọ́ọ̀lù àti ìwé kò lè gbé pọ̀, ẹ dárúkọ Segun Odegbami fún un. Ilé-ẹ̀kọ́ gíga Pólì Ìbàdàn ni ó ti kọ́ iṣẹ́ ẹnjiníà nígbà tí ó ń gbá bọ́ọ̀lù. Nígbà tí ó fẹ̀yìn tì, ó dá ilé-ẹ̀kọ́ sílẹ̀ ní Wasinmi, Ìpínlẹ̀ Ògùn, níbi tí ọmọ ti ń kàwé tí ó sì ń ṣeré. Samuel Okwaraji jẹ́ lọ́yà, ó sì ń gbá bọ́ọ̀lù fún Nàìjíríà.

Okwaraji yìí náà ni ó mú mi dé ọ̀rọ̀ ìlera. Ní ọjọ́ 12 oṣù kẹjọ ọdún 1989, ó ṣubú lórí pápá ní Súrùlérè nígbà tí a ń bá Angola gbá a, ó sì kú. Àyẹ̀wò fi hàn pé ọkàn rẹ̀ ti tóbi ju bó ti yẹ lọ, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sì ru. Nwankwo Kanu, tí ó ṣe balógun àwọn tí ó gba góòlù Olimpíìkì ní 1996, ni wọ́n rí àìsàn ọkàn lára rẹ̀ ní ọdún kan náà. Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún un ní Amẹ́ríkà, ó sì padà sórí pápá. Ní ọdún 2000, ó dá àjọ kan sílẹ̀ tí ń ran àwọn ọmọ tí ó ní irú àìsàn bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́. Ìyàtọ̀ àwọn méjèèjì ni pé wọ́n tètè rí ti Kanu. Nítorí náà, ọmọ tí àyà ń dùn, tàbí tí òòyì máa ń kọ́ nígbà tí ó bá sáré, ẹ má ṣe sọ pé ọ̀lẹ ni. Ẹ gbé e lọ sí ọsibítù.

Àwọn ọmọbìnrin ńkọ́?

Mo mọ̀ pé ẹnìkan yóò bi mí. Èsì mi ṣókí ni. Ẹni tí ó bá rántí eré ìje Ìyá wa Aisha kò lè sọ pé kí ọmọbìnrin má ṣe sáré. Ohun tí ẹ̀sìn béèrè ni ìbòra, ibi tí ó yẹ, àti àwọn tí ó yẹ kí wọ́n wà níbẹ̀. Asisat Oshoala, ọmọ mùsùlùmí láti Ìkòròdú, ti gba àmì ẹ̀yẹ agbábọ́ọ̀lù obìnrin tí ó dára jù ní Áfíríkà ní ẹ̀ẹ̀mẹfà. Àwọn òbí rẹ̀ kò kọ́kọ́ fẹ́ ẹ. Láti oṣù kẹta ọdún 2014 sì ni FIFA ti gbà kí obìnrin máa bo orí rẹ̀ lórí pápá. Àwíjàre pé eré kò gba ìbòrí ti tán.

Àwọn tí ń ta ìrètí fún opó

Níbi tí ọ̀rọ̀ ti le jù nìyí, ẹ jọ̀wọ́ ẹ fún mi létí.

Ẹnu ibodè ni a wà. Láti Ajara dé Sẹ̀mẹ̀ kò jìnnà, ẹni tí ó bá sì ti kọjá Sẹ̀mẹ̀ ti wà lójú ọ̀nà Kútọnu. Láìpẹ́ yìí, opó kan wá bá wa. Ọmọkùnrin rẹ̀ jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rìnlá, ó sì mọ bọ́ọ̀lù gbá lóòótọ́. Ọkùnrin kan ti sọ fún un pé òun jẹ́ aṣojú àwọn ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Yúróòpù, pé kí ó wá owó ìwé ìrìnnà àti owó ọkọ̀, òun yóò gbé ọmọ náà gba Kútọnu lọ. Ìyá náà ti ṣetán láti ta ilẹ̀ tí ọkọ rẹ̀ fi sílẹ̀ fún àwọn ọmọ. Ó fẹ́ kí ẹgbẹ́ fi díẹ̀ kún un.

A kò fi kún un. A jókòó tì í, a sì ṣàlàyé fún un. Òfin FIFA, láti ọdún 2001, kò gbà kí agbábọ́ọ̀lù tí kò tíì pé ọdún 18 kúrò ní orílẹ̀-èdè kan lọ gbá bọ́ọ̀lù fún ẹgbẹ́ ní orílẹ̀-èdè mìíràn, àfi ní àwọn ọ̀nà díẹ̀, bí ìgbà tí àwọn òbí rẹ̀ fúnra wọn bá kó lọ síbẹ̀ nítorí ohun tí kò kan bọ́ọ̀lù. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá láti Ajara, tí ìyá rẹ̀ wà nílé, kò sí nínú rẹ̀. Aṣojú tòótọ́ sì gbọ́dọ̀ ní ìwé-àṣẹ. Láti ọdún 2023, FIFA ti tún bẹ̀rẹ̀ ìdánwò fún wọn. Nígbà tí a ní kí ìyá náà béèrè ìwé-àṣẹ lọ́wọ́ ọkùnrin yìí, kò gbé tẹlifóònù rẹ̀ mọ́. Ilẹ̀ náà wà níbẹ̀ títí di òní. Ọmọ náà wà nílé-ìwé, ó sì ń gbá bọ́ọ̀lù ní ìrọ̀lẹ́.

Kì í ṣe gbogbo ìdílé ni ó tètè béèrè. Ní Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà káàkiri, àwọn ọmọ wà tí irú àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀ gbé lọ, tí wọ́n já sí ìgboro ìlú àjèjì láìní owó, láìní ìwé, tí ojú ń tì wọ́n láti padà sílé. Ẹni tí ó jẹ owó ọmọ òrukàn lọ́nà yìí, iná ni ó ń jẹ sínú, gẹ́gẹ́ bí Suratu Nisai ti kìlọ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé kí ẹ san owó kí ọmọ lè lọ gbá bọ́ọ̀lù lókè òkun, ẹ má ṣe san kọ́bọ̀ kí ẹ tó wá bá wa.

Ọ̀rọ̀ tẹ́tẹ́ náà ń bẹ níbẹ̀. Ọ̀tọ̀ ni kí ọmọ gbá bọ́ọ̀lù, ọ̀tọ̀ ni kí ó máa fi owó oúnjẹ ta tẹ́tẹ́ lórí bọ́ọ̀lù tí àwọn ẹlòmíràn ń gbá. Suratul Maida ti ka tẹ́tẹ́ mọ́ iṣẹ́ Èṣù. Ọmọ tí ó rẹ̀ nítorí eré yóò sùn lóru. Ọmọ tí ó ta tẹ́tẹ́ kò ní sùn.

Ọmọ ju góòlù lọ

Ẹ jẹ́ kí n tún dárúkọ Rashidi Yekini lẹ́ẹ̀kan sí i. Góòlù 37 ni ó gbá wọlé fún Nàìjíríà. Òun ni ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tí ó gba àmì ẹ̀yẹ agbábọ́ọ̀lù tí ó dára jù ní Áfíríkà, ní ọdún 1993. Nígbà tí ariwo tán, Ìbàdàn ni ó fi ṣe ibùgbé, ó sì dá gbé níbẹ̀. Ní ọjọ́ 4 oṣù karùn-ún ọdún 2012, ó kú lẹ́yìn àìsàn, kò tíì pé ọdún 49. Wọ́n sin ín sí Ìrá, ní Ìpínlẹ̀ Kwara. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ó pariwo orúkọ rẹ̀ ní 1994 kò mọ bí ó ti ń gbé títí tí wọ́n fi gbọ́ ikú rẹ̀. Kí Ọlọ́hun forí jì í, kí Ó sì fi ọgbà ìdẹ̀ra ṣe ilé fún un.

Mo ń sọ èyí nítorí ẹ̀yin alágbàtọ́. Ọmọ tí a fẹ́ràn nítorí góòlù nìkan, ọjọ́ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá dá, ìfẹ́ tán. Ọmọ òrukàn ti pàdánù ẹni tí ì bá fẹ́ràn rẹ̀ láìnídìí. Bí ó bá borí, ẹ gbá a mọ́ra. Bí wọ́n bá na ẹgbẹ́ rẹ̀ ní 5 sí 0, ẹ gbá a mọ́ra, kí ẹ sì gbé oúnjẹ rẹ̀ fún un.

Ohun tí a ń bẹ̀bẹ̀ fún

Ní ti owó, kí ó yé gbogbo wa: a kò ní fi owó sàká ra bàtà bọ́ọ̀lù. Ọlọ́hun ti ka àwọn mẹ́jọ tí sàká tọ́ sí nínú Suratu Taoba, a kò sì ní yà kúrò lórí rẹ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ ran eré àwọn ọmọ lọ́wọ́, sàdákà ni kí ó mú wá, kí ó sì sọ pé ti eré ni. Bọ́ọ̀lù méjì, bàtà, àwọ̀n, àti owó àyẹ̀wò ní ọsibítù ni a nílò. Ẹni tí ó mọ omi wẹ̀ dáadáa náà, kí ó wá bá wa kọ́ àwọn ọmọ, nítorí ọmọ etí ọ̀sà tí kò mọ omi wẹ̀, ewu ń bẹ lórí rẹ̀.

Ní ti ẹ̀yin alágbàtọ́, ohun mẹ́ta ni. Kí ọmọ kírun kí ó tó jáde, kí ó sì padà kí Magaribi tó bọ́. Kí ó máa lọ sí ilé-ìwé àti ilé-kéwú láìpa ọjọ́ jẹ. Kí ẹ máa wá wo ó níbi tí ó ti ń ṣeré, ìbáà jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan lóṣù. Ọmọ tí ó bá gbójú sókè tí ó rí ara ilé rẹ̀ létí pápá, inú rẹ̀ yóò dùn ju ti ẹni tí ó gba ife lọ.

Ọlọ́hun Ọba Àjíkẹ́, bá wa wo àwọn ọmọ wọ̀nyí. Fún ẹsẹ̀ wọn lágbára, fún ọkàn wọn ní ìfọ̀kànbalẹ̀, fún ahọ́n wọn ní òótọ́. Gbà wọ́n lọ́wọ́ ẹlẹ́tàn. Sàn án fún gbogbo ẹni tí ń ná owó rẹ̀ lé wọn lórí ní ilé ayé àti ní ọ̀run. Àwọn òbí wọn tí wọ́n ti lọ, forí jì wọ́n. Àmín.

Asalaamu alaekun waramọtulaahi wabarakaatuhu.